Kí Ẹ Tó Ra Túnà: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Èyí Tó Bá ECU Alùpùpù Yín Mu

Ọkùnrin kan gun Harley Road King ọdún 2013 wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan. Túnà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mu epo padà, wà lọ́wọ́ ẹ̀, inú páálí ló ṣì wà. Ẹni tó tà á fún un ti sọ pé ti Road King ni, kò sì parọ́: ti Road King ni, àmọ́ ti 2014 sókè ni. A yọ kọfà ẹ̀gbẹ́, a fa ẹnu wáyà jáde. Ihò 4 ló wà níbẹ̀. Ẹnu túnà ní 6. Ọkùnrin náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó gbà pé ihò méjì tó kù sá pamọ́ síbì kan. Owó ti lọ.

Àṣìṣe tí mò ń rí jù nìyẹn. Orúkọ alùpùpù làwọn èèyàn fi ń ra túnà, bẹ́ẹ̀ túnà ò mọ orúkọ. ECU, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, ni túnà ń bá sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá wọ́n á gbọ́ ara wọn: èdè tí ECU ń sọ, sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹ̀, àti bóyá túnà náà ṣì wà ní òun nìkan tàbí ó ti lọ́kọ níbòmíì, ìyẹn ni pé ó ti so mọ́ alùpùpù mìíràn.

Harley-Davidson ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun lọ́wọ́ mi ń kàn jù nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Màá fọwọ́ kan Triumph àtàwọn mìíràn níbi tó bá yẹ. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kọjá ìpele 6.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Tọ́ọ̀ṣì, àti fóònù tó ń ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀.
- Mítà tó ń wọn fóòtì àti ohm.
- Ṣájà bátìrì kékeré, èyí tó ń rọra fún bátìrì níná. Kì í ṣe ṣájà gàgàrà tí wọ́n fi ń jí bátìrì tírélà.
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Windows, tí bátìrì tiẹ̀ ṣì lè gbé e fún wákàtí kan láìsí iná.
- Sípánà àti Allen tó jẹ́ ti ínṣì bó bá jẹ́ Harley. Ti mìlímítà á jẹ orí bóòtù yín.
- Bébà àti bírò. Ẹ má gbára lé orí.

Bó bá jẹ́ pé kàbùrétọ̀ ni alùpùpù yín ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ Bájáàjì Bọ́ksà táwọn ọlọ́kadà ń gùn, ẹ dúró níbí. Kò sí ECU tó ń darí epo níbẹ̀ tí túnà máa bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta túnà fún un yín fẹ́ gbowó yín ni. Jẹ́ẹ̀tì inú kàbùrétọ̀ ni iṣẹ́ tiyín.

Ìpele 1: Ẹ ka ọdún lára VIN, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó tà á

VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ alùpùpù, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lára Harley, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ọrùn alùpùpù lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí. Sítíkà kan tún wà lára irin iwájú tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ẹ kà á dé ẹ̀kẹwàá. Ẹ̀kẹwàá yẹn ni ọdún. Fún 2001 sí 2009, nọ́ńbà 1 sí 9 ni wọ́n lò. Lẹ́yìn náà, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Ẹ má wá I níbẹ̀, wọn kì í lò ó torí ó jọ 1.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ lè jẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Alùpùpù tẹ́nì kan rà ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 lè jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì 2014. Fún Touring, ìyẹn ẹbí Harley tí Road King wà, ọdún kan yẹn gan-an ló yí gbogbo nǹkan padà, bẹ́ ẹ ṣe máa rí i nísàlẹ̀.

Àyẹ̀wò: VIN ara irin àti ti ara sítíkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ fi túnà sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí alùpùpù yẹn ti wá.

Ìpele 2: Ẹ ka ihò ẹnu sikáànù

Ẹnu sikáànù ni ibi tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìwádìí bọ̀. Lára Harley, ẹ wá a lẹ́yìn kọfà ẹ̀gbẹ́ tàbí lábẹ́ ìjókòó. Ìdérí kékeré kan máa ń wà lẹ́nu ẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ka ihò, ẹ ya fọ́tò.

Ihò 4 túmọ̀ sí pé èdè tó ń jẹ́ J1850 ni ECU yẹn ń sọ. Ihò 6 túmọ̀ sí èdè CAN. Nínú àwọn ẹbí Harley, Softail bọ́ sórí CAN ní 2011, Dyna ní 2012, Touring àti Sportster ní 2014. Àwọn onínjẹ́tọ̀, ìyẹn àwọn tí injẹ́tọ̀ ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnì wọn dípò kàbùrétọ̀, tó ṣáájú ọdún wọ̀nyẹn, J1850 ni wọ́n. Ẹ yọ Touring onínjẹ́tọ̀ ti 1995 sí 2001 kúrò nínú ìṣirò yìí pátápátá: ECU Magneti Marelli ló wà lára wọn, àtọdún 2002 ni Touring ti ń lo ECU Delphi. Ohun tí mò ń sọ níbí ò kan tiwọn.

Nínú túnà Dynojet tó ń jẹ́ Power Vision, PV-1 ni ti ihò 4, PV-2 sì ni ti ihò 6. Bí ìbejì ni wọ́n jọra, nítorí náà ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀, ẹ má wo ojú.

Ẹni tó bá sọ fún un yín pé adápítọ̀ á yanjú ẹ̀ ń tàn yín. Ẹnu ni adápítọ̀ ń yí padà, kì í yí èdè padà. Orí wáyà kan ni J1850 ti Harley ń gbà kọjá, CAN nílò wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra. Ẹ lè wọ babanríga fún ará Ìjẹ̀bú, ìyẹn ò ní kó gbọ́ Hausa. Sikáànù tó ti gbọ́ èdè méjèèjì tẹ́lẹ̀ nìkan ni adápítọ̀ wúlò fún.

Àwọn tó kù lérèfé: ọ̀pọ̀ Triumph onínjẹ́tọ̀ ń lo ẹnu oníhò 16, irú ti mọ́tò. BMW lo ẹnu róbótó oníhò 10 fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bọ́ sórí 16. Honda ní ẹnu pupa oníhò 4, tí kò bá ihò 4 ti Harley tan rárá. Láti ìgbà tí òfin èéfín Euro 5 ti dé ní Yúróòpù, ẹnu pupa oníhò 6 ló ń wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àmọ́ ẹnu kan náà kò sọ pé inú kan náà ni.

Àyẹ̀wò fún àwọn oní-CAN: ẹ yọ orí òdì bátìrì, ẹ fi mítà sí ohm, ẹ wọn láàárín wáyà CAN méjèèjì. Nǹkan bíi 60 ohm ló yẹ kó jáde, torí rẹ̀sítọ̀ 120 ohm wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bí 120 bá jáde, apá kan ti já tàbí kò kan mọ́, túnà tó dára jù láyé ò ní bá irú ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó dán mọ́rán. Ẹ wá wáyà yẹn kí ẹ tó bú túnà.

Ìpele 3: Ẹ wo ECU fúnra ẹ̀ lójú

Tòkunbọ̀ tó ti forí sọ nǹkan rí lè máa fi ECU ẹlòmíì sáré. Mo ti rí Street Glide tó ru ECU Street Glide mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gùn ún ò mọ nǹkan kan, àfìgbà tá a fi túnà kà á, tó pe VIN tí kò sí lára irin ọrùn ẹ̀.

Ẹ wá àpótí pẹlẹbẹ tí wáyà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má fi ti ABS ṣì í, ti ABS ní páìpù bíréèkì lára. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu lébẹ́ẹ̀lì, ẹ má fọ́n omi sí i. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà páàtì, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sórí bébà, torí fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì tó ti ṣá máa ń sọ 8 di B.

Fún Triumph, ibí ni gbogbo ìdájọ́ wà, torí ECU Sagem wà, ti Keihin náà wà. Àwọn 955i ń lo Sagem, Daytona 675 ń lo Keihin. TuneECU, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún ECU ṣe, gbọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n máàpù, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí ECU fi ń pín epo, tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan ò wúlò fún èkejì, bí orúkọ tó wà lára táǹkì tilẹ̀ jọra.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹni tó ní sikáànù ka VIN tó wà nínú ECU Harley yín. Bó bá bá ti ara irin mu, ECU àtilẹ̀wá ni. Bí kò bá bá a mu, ọdún àti mọ́dẹ́ẹ̀lì ti inú ECU lẹ máa fi wá túnà, kì í ṣe ti ara irin.

Ìpele 4: Ẹ mọ irú túnà tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì wá èyí tó lè ti fara pamọ́

Irú kan ń jókòó sáàárín ECU àti injẹ́tọ̀. Power Commander V lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. ECU á ní kí injẹ́tọ̀ ṣí fún ìwọ̀n ìgbà kan, ẹ̀rọ yìí á dá àṣẹ yẹn dúró lọ́nà, á fi díẹ̀ kún un tàbí kó yọ nínú ẹ̀, kó tó jẹ́ kó kọjá. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ECU. Ọ̀rọ̀ ẹnu wáyà ni ìbámu tiẹ̀: ṣé ó wọ ẹnu injẹ́tọ̀ yín, ṣé ó wọ ẹnu sẹ́ńsọ̀ tó wà níbẹ̀? Nọ́ńbà ara páálí lẹ máa fi wá ọdún àti mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe é fún.

Irú kejì ń wọ inú ECU lọ, á pa máàpù tó bá níbẹ̀ rẹ́, á sì kọ tuntun sí i. Power Vision, Fuelpak FP3 ti Vance & Hines, TuneECU, Woolich Racing àti FTECU wà lápá ibí. Èdè àti sọ́fítíwíà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

Èyí tó dára jù nínú méjèèjì? Bí wọ́n bá bi mí, èkejì ni, fún Harley. Ìdí ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀sọ́ọ̀sì. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ń rọra lọ, ECU á máa fa epo padà síbi ìwọ̀n 14.7, ìyẹn afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, tàbí ibi tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ àárín á bu epo kún un, ECU á yọ ọ́ kúrò, bí ẹni ń pọnmi sínú ìkòkò tẹ́nì kan ń gbọ́n ọn lódìkejì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ àárín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi nǹkan kékeré tó ń tan sẹ́ńsọ̀ sínú páálí. Bí ẹ bá ra àlòkù tí nǹkan kékeré yẹn ti sọnù, ìdajì ọjà lẹ rà.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ní ìpele yìí: ẹ má jẹ́ kí irú méjèèjì wà lára alùpùpù kan láìmọ̀. Softail kan dé sọ́dọ̀ wa tí òórùn epo ẹ̀ ń tẹ̀ lé e wọlé bí ìyàwó tuntun. A yọ pulọ́ọ̀gì, ó dúdú bí èédú, ó ń rọ eérú sí wa lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ máàpù tuntun sínú ECU, máàpù náà ò sì burú. A tú ìjókòó. Lábẹ́ ẹ̀, lórí fẹ́ndà ẹ̀yìn, Power Commander kan wà tí wọ́n fi fóòmù dì bí àkàrà, iná kékeré ara ẹ̀ ń tàn. Ẹni tó ni alùpùpù náà tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi í síbẹ̀. Máàpù tuntun bu epo kún un, èyí náà tún bu tiẹ̀ lé e. A yọ ọ́, a dá wáyà injẹ́tọ̀ padà sípò, alùpùpù fara balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àyẹ̀wò: ẹ di wáyà injẹ́tọ̀ mú, ẹ tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìka. Inú okùn wáyà ńlá ti ilé iṣẹ́ ló yẹ kó wọ̀ tààrà. Bó bá kọ́kọ́ kan ẹnu wáyà mìíràn tó mú un lọ sínú àpótí kékeré kan, ẹ ti rí i.

Ìpele 5: Ẹ bi í bóyá ó ti lọ́kọ

Owó tèmi wọlẹ̀ níbí. Mo ra Power Vision àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ, owó ẹ̀ ò ju ìdajì ti tuntun lọ. Ó tàn, ó ń dán gbinrin. Mo so ó mọ́ alùpùpù oníbàárà, ó ka ECU, ó pe VIN láìṣì kan. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń kọ máàpù, ó ní alùpùpù mìíràn lòun so mọ́. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ó ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́ ni?" Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Alùpùpù kan ní Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Láìsẹ́ǹsì kan ló ń bá Power Vision wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kọ máàpù sínú ECU, láìsẹ́ǹsì yẹn ti so mọ́ alùpùpù náà. Kẹ́ ẹ dá máàpù àtilẹ̀wá padà ò tú u. Ẹ lè ra láìsẹ́ǹsì mìíràn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àmọ́ ẹ fi owó ẹ̀ kún iye àlòkù yẹn kí ẹ tó ní ẹ rí ọjà pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ túnà tó ń wọ inú ECU ló ní irú ìdè bẹ́ẹ̀, bí òfin wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, "ó ka ECU" kì í ṣe ẹ̀rí. Túnà tó ti lọ́kọ á ṣì kà. Kíkọ ni kò ní kọ.

ECU náà sì lè wà ní títì. Àwọn kan tó ń ṣe máàpù máa ń ti iṣẹ́ wọn pa kí ẹlòmíì má bàa jí i kà. Bí tòkunbọ̀ yín bá ti ní irú ẹ̀ nínú, túnà yín lè má rí máàpù kà jáde.

Àyẹ̀wò: kí ẹni tó ń tà á tan túnà níwájú yín, kó ṣí ojú ìwé tó ń fi nọ́ńbà ẹ̀rọ àti ipò láìsẹ́ǹsì hàn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Lórí WhatsApp, fídíò tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ń tàn ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn béèrè lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá ń bínú torí pé ẹ béèrè ti dá yín lóhùn.

Ìpele 6: Sọ́fítíwíà àti wáyà

Ẹ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe túnà, ẹ fi ọdún àti mọ́dẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ rí ní ìpele 1 àti 3 wá a. Ẹ má fi ohun tó wà lára páálí ṣe ẹ̀rí, ọjọ́ tí wọ́n tẹ páálí ti pẹ́. Bí túnà bá ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ kọ́kọ́ ki í bọ kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fún un ní sọ́fítíwíà tuntun. Mo ti rí túnà tó ní òun ò mọ ECU kan láàárọ̀, tó sì mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án lẹ́yìn àtúnṣe sọ́fítíwíà nìkan.

Ẹ̀yin tó ń lo TuneECU fún Triumph tó ti pẹ́, wáyà ló máa ń dójú tì yín. Wáyà USB tó ní chip FTDI nínú ni kẹ́ ẹ wá. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ojú ò sì lè dá a mọ̀. Ní ọdún 2014, FTDI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip náà, tilẹ̀ gbé dráífà kan jáde, ìyẹn sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń lo wáyà, tó ń sọ àwọn chip ayédèrú di òkú, ariwo sì sọ. Wáyà tó ń já lágbede-méjì léwu ju wáyà tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ so ó, ẹ jẹ́ kó máa fi ooru ẹ́ńjìnì, fóòtì bátìrì àti ipò tírọ́tù hàn fún ìṣẹ́jú 15 láìkọ nǹkan kan. Ẹ rọra yí tírọ́tù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú 15 yẹn, ẹ má tíì kọ nǹkan kan.

Ìpele 7: Ẹ kà á, ẹ tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ

Bátìrì ni ogun ibí. Bí iná bá ṣẹ́ nígbà tí túnà ń kọ̀wé sínú ECU, ìdajì máàpù ló máa wà níbẹ̀, ECU lè má jí mọ́. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ wọn bátìrì: 12.6 fóòtì sókè ni mo ń gbà. Ẹ so ṣájà kékeré mọ́ ọn. Ẹ yọ fíúsì iná iwájú, torí lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, tẹ́ ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́, iná iwájú náà á tàn, á máa mu bátìrì. Fún Triumph oní-Sagem, ẹ má fo èyí rárá.

Kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Ẹ kún bátìrì ẹ̀. NEPA ò ní bi yín bóyá ẹ ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ṣájà yín, ẹ wo epo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ má lọ gbẹ́mìí mì lẹ́nu iṣẹ́.

Lára Harley, bọ́tìnnì pupa ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà ní RUN, ẹ́ńjìnì ò sì gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí bọ́tìnnì yẹn bá wà ní OFF, túnà á sọ pé òun ò rí ECU. Ọ̀pọ̀ túnà ni wọ́n ti dá padà fún ẹni tó tà á nítorí bọ́tìnnì yìí nìkan. Kí fóòbù ààbò náà wà nítòsí.

Ẹ kọ́kọ́ ka máàpù tó wà níbẹ̀, ẹ fi orúkọ tó yé yín pè é, VIN àti ọjọ́, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbi mìíràn, ímeèlì tiyín tàbí fláàṣì. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń kọ tuntun. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ má fa wáyà, ẹ má gba ìpè. Èmi máa ń lé gbogbo èèyàn kúrò nídìí alùpùpù.

Àyẹ̀wò: ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un tàn. Lára Harley, iná ẹ́ńjìnì á tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4, á sì kú. Bí kò bá kú, ẹ ka kóòdù kẹ́ ẹ tó tẹ sítátà.

Ìpele 8: Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ sì ronú nípa epo

Ẹ jẹ́ kó gbóná ní sílò. Twin Cam, irú ẹ́ńjìnì Harley kan, tó ti gbóná yẹ kó dúró ní nǹkan bí ìyípo 1000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ó ń yìnbọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa tírọ́tù dé. Bó bá ń yìn díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ibi tí ẹ̀sọ́ọ̀sì ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ lè máa wọlé níbẹ̀. Èèyàn ti yí máàpù nígbà márùn-ún nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tó jò.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì rí kí ẹni tó ta túnà sọ. Máàpù tí wọ́n ṣe fún epo tó dára jù ní Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè 91, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí epo ṣe lè dènà kíkàn nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin náà á ní 91 RON ni tiwa, ó ti parí. Kò parí. 91 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì àpapọ̀ RON àti MON, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn nọ́ńbà yẹn. Tí wọ́n bá fi RON nìkan wọ̀n ọ́n, á sún mọ́ 95 tàbí 96. 91 RON tiwa sún mọ́ 87 tiwọn, epo tó rẹlẹ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ilé epo wọn. Bẹ́ ẹ bá gbé máàpù epo gíga sínú alùpùpù tó ń mu epo kékeré, tẹ́ ẹ wá ru ẹrù gun gẹ̀rẹ́ ní jíà gíga, ẹ máa gbọ́ ọ: kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. ECU Twin Cam ń gbọ́ kíkàn yẹn láti ẹnu pulọ́ọ̀gì, á sì dẹ iná sẹ́yìn, àmọ́ agbára tẹ́ ẹ sanwó fún ló ń yọ yẹn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe máàpù yín pé epo RON 91 lẹ ń rà, kó dẹ ìgbà iná sẹ́yìn fún un yín.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà ní ti òfin láti rò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Harley-Davidson gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìjọba nítorí túnà tó ń jẹ́ Super Tuner, torí ó ń jẹ́ kí èéfín ju ohun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ. Ẹ béèrè bóyá máàpù tẹ́ ẹ fẹ́ lò ní ìwé àṣẹ fún ojú títì níbi tẹ́ ẹ ń gbé.

Àyẹ̀wò: ẹ gùn ún fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ìlú àti òpópónà. Ẹ padà wálé, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀ eérú ló dára. Dúdú tó ń rọ, epo ti pọ̀ jù. Funfun bí ẹfun, epo ò tó, ẹ má gùn ún síwájú, ẹ dá máàpù àtilẹ̀wá padà lóru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta alùpùpù náà, ẹ kọ máàpù àtilẹ̀wá padà sínú ECU, kẹ́ ẹ sì gbé túnà tẹ̀ lé e tàbí kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á pé ó ti so mọ́ alùpùpù yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà páàtì ECU àti ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i sórí bébà, ẹ dì í sínú nylon, ẹ fi í sábẹ́ ìjókòó, níbi tí fóòmù Power Commander ọjọ́sí wà.